Nọ́ńbà Orí Ibojì Apọntí: Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Ṣọ́ Oúnjẹ ní Manchester

Ní itẹ́ òkú Brooklands, ní ìlú Sale tó wà ní gúúsù Manchester, òkúta ibojì kan wà tí wọ́n fín nọ́ńbà sí lára: 772.55. Kì í ṣe ọjọ́ ìbí, kì í sì í ṣe iye owó. James Prescott Joule ni wọ́n sin síbẹ̀, ọkùnrin tí wọ́n bí ní Salford ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1818, tó sì kú ní 1889. Ọmọ ọlọ́tí ni. Bàbá rẹ̀ ló ni ilé ìpọntí ní New Bailey Street, òun náà sì bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí ìdílé wọn fi tà á ní àárín àwọn ọdún 1850.

Ẹni tó ń pọn bíà kò gbọdọ̀ fi ìgbóná ṣeré. Joule gbé ìṣọ́ra yẹn kúrò nídìí ọtí lọ sídìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ó ki àbẹ̀bẹ̀ kékeré bọ inú agolo omi, ó fi okùn so ó mọ́ ìwúwo tó ń sọ̀ kalẹ̀, kí àbẹ̀bẹ̀ náà lè máa ro omi yẹn, ó wá ń fi tẹ̀mómítà wo bí omi ṣe ń gbóná. Ìgbóná yẹn kéré débi pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n Joule ní òun lè ka ìdá kan nínú 200 dígírì Fahrenheit, nítorí J. B. Dancer, ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ ará Manchester, ti bá a ṣe tẹ̀mómítà tó dára ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Nọ́ńbà tó wà lórí ibojì rẹ̀ ni ìdáhùn tó rí ní 1878: agbára tó lè gbé ìwúwo pọ́ùn 772.55 ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan ló ń mú kí pọ́ùn omi kan fi dígírì Fahrenheit kan gbóná sí i.

Orúkọ apọntí yìí wà lára páálí oúnjẹ tí wọ́n ń tà ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá yí páálí sẹ́yìn láti wo agbára tí oúnjẹ ń fún ara yóò rí kJ níbẹ̀; Joule ni J inú rẹ̀. Àmọ́ ogún tó fi sílẹ̀ fún àwọn oníléeṣẹ́ oúnjẹ ju orúkọ lọ. Ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ bíà, búrẹ́dì, wàrà àti bisikíìtì kò mọ adùn, kò gbọ́ òórùn, ebi kì í sì í pa á. Ohun tó mọ̀ kò ju ìgbóná, ìwúwo, ọ̀rinrin, ìṣàn àti àkókò lọ. Ohun tí wọ́n bá lè wọ̀n fún un nìkan ló lè darí.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń ṣe láìsinmi. Ó ń wọn ohun tó wà nílẹ̀. Ó ń fi í wé ohun tí wọ́n ní kó wà nílẹ̀. Ó sì ń ṣe ohun tí méjèèjì yóò fi bára mu. Obìnrin tó ń yan gàárì ní Ìjẹ̀bú ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójoojúmọ́. Ojú rẹ̀ ń wo oru tó ń jáde nínú agbada, etí rẹ̀ ń gbọ́ bí gàárì ṣe ń dún lábẹ́ igbá, ọwọ́ rẹ̀ sì ń fa igi jáde nínú iná kí ìsàlẹ̀ tó jóná. Ní iléeṣẹ́, wọ́n ti pín iṣẹ́ ẹnì kan ṣoṣo yẹn fún mẹ́ta: sẹ́ńsọ̀ gba iṣẹ́ ojú, kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ ọpọlọ, fáàfù àti mọ́tò sì gba iṣẹ́ ọwọ́.

Ilé ìpọntí ni ibi tó dára jù láti rí bí ó ṣe ń lọ. Ní Moss Side, àdúgbò Manchester tí àwọn ọmọ Kàríbíà àti Áfíríkà ti fìdí kalẹ̀ sí tipẹ́, ilé ìpọntí kan wà tí wọ́n ń pè ní Royal Brewery; ọwọ́ Heineken ló bọ́ sí ní 2008, nígbà tí wọ́n pín Scottish & Newcastle. Ní ilé ìpọntí ńlá bẹ́ẹ̀, inú ìkòkò irin ràgàjì ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń po ọkà báálì tó ti hù mọ́ omi gbígbóná. Àwọn ẹ́ńsáìmù inú ọkà náà ló ń sọ sítáàṣì rẹ̀ di ṣúgà. Bí omi bá wà láàárín 62 sí 65°C, ṣúgà tí ìwúkàrà lè jẹ ló ń pọ̀, bíà náà á sì le. Bí ó bá sún mọ́ 72°C, ṣúgà tí ìwúkàrà kò lè jẹ á pọ̀ sí i, bíà á wúwo lẹ́nu. Bí ó bá kọjá 78°C, ẹ́ńsáìmù ti ń kú, kò sì sí ọ̀gá apọntí tó lè jí i.

Níbí ni wàhálà wà. Ká ní ẹ̀rọ ṣí fáàfù oru sílẹ̀ gbayawu, tó wá tì í lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí tẹ̀mómítà ka 65, ooru tó ti wọ ara irin yóò ṣì máa wọ inú omi. Kí wọ́n tó mọ̀, ó ti di 68. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Báwo ni ibi tí a wà ṣe jìnnà tó sí ibi tí à ń lọ? Báwo ló ti pẹ́ tó tí a kò tíì débẹ̀? Báwo la ṣe ń yára tó bí a ti ń sún mọ́ ọn? Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń rò pọ̀ kó tó pinnu bí fáàfù yóò ṣe ṣí sí, á sì máa dín oru kù díẹ̀díẹ̀ kí omi tó dé 65 rárá. Nicolas Minorsky ló to ìṣirò yìí kalẹ̀ yékéyéké ní 1922, nígbà tó ń wá bí ọkọ̀ ojú omi ológun Amẹ́ríkà yóò ṣe máa tọ ara rẹ̀ sọ́nà. Ní 1942, J. G. Ziegler àti N. B. Nichols wá fún àwọn oníléeṣẹ́ ní ọ̀nà tó rọrùn láti bá ẹ̀rọ tiwọn wá ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó yẹ ẹ́.

Ìwọ̀n tó bá ọkà kan mu lè ba òmíràn jẹ́. Nàìjíríà mọ èyí ní 1988, nígbà tí ìjọba fi òfin de kíkó ọkà báálì wọ ìlú. Nigerian Breweries, tó ti ń pọn bíà Star ní Ìgánmú láti 1949, àti Guinness, tó ṣí iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1962, kò rí ọ̀nà mìíràn ju kí wọ́n yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Sítáàṣì ọkà bàbà kì í rọ̀ tán ní 65°C. Omi gbọ́dọ̀ kọjá 70 dáadáa kó tó jinná. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tí ọkà bàbà ti ń jinná ni ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ti ń kú. Wọ́n ní láti máa se ọkà náà lọ́tọ̀, kí wọ́n máa ra ẹ́ńsáìmù láti ibòmíràn dà sí i, kí wọ́n sì to ìgbóná àti àkókò tuntun fún gbogbo ìpele iṣẹ́ náà. Nígbà tí ìjọba gbé òfin yẹn kúrò ní 1999, ọkà bàbà ti di ará ilé ìpọntí, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

Búrẹ́dì ló tún mú wa padà sọ́dọ̀ Joule. Ní Bolton, tí kò jìnnà sí Manchester, ìdílé Warburton ti ń ṣe búrẹ́dì láti 1876. Ní ayé ìgbà yẹn, alábúrẹ́dì ní láti dúró fún wákàtí púpọ̀ kí ìyẹ̀fun pípò tó wú. Ní 1961, àwọn olùwádìí ní Chorleywood, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, rí ọ̀nà àbùjá: kí wọ́n fi ẹ̀rọ alágbára po ìyẹ̀fun náà kíkankíkan, láàárín ohun tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú búrẹ́dì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí dòní.

Ẹ̀rọ náà kì í wo aago kó tó dúró. Mítà wà lára mọ́tò rẹ̀ tó ń ka iná tí ó ń jẹ. Bí kílò ìyẹ̀fun kọ̀ọ̀kan bá ti gba wátì-wákàtí 11, ó parí. Ìyẹ̀fun líle máa ń gba agbára kíákíá, èyí tó rọ̀ á pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n agbára kan náà ni gbogbo wọn ń gbà. Wátì-wákàtí 11 yẹn jẹ́ nǹkan bí 40 kJ, agbára náà kò sì lọ síbì kan: ó di ooru nínú ìyẹ̀fun, bí àbẹ̀bẹ̀ Joule ti mú omi gbóná gẹ́lẹ́. Ó tó láti fi nǹkan bí 14°C kún ìgbóná rẹ̀. Nǹkan bí 30°C ni alábúrẹ́dì sì fẹ́ kí ìyẹ̀fun náà jáde, kí ìwúkàrà lè ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kọ̀ǹpútà á ti ka ìgbóná ìyẹ̀fun gbígbẹ, á ṣírò ooru tí mọ́tò yóò fi kún un, á wá sọ bí omi tí wọ́n máa dà sí i ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó. Kò dúró de àṣìṣe kó tó tún un ṣe. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tútù nini ló máa ń béèrè.

Ti wàrà tún yàtọ̀. Ìwọ̀n tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ jù ni pé kí wàrà gbóná dé 72°C, ó kéré tán, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí kòkòrò àrùn inú rẹ̀ lè kú. Àmọ́ wàrà kì í dúró lójú kan ní iléeṣẹ́. Ó ń ṣàn ni. Báwo ni wọ́n ṣe ń ka ìṣẹ́jú àáyá 15 fún ohun tó ń sáré? Wọ́n sọ àkókò di gígùn. Wọ́n ń gbé wàrà gba inú páìpù tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kán tó bá wọ ẹnu ọ̀nà kan kò lè jáde ní èkejì kí ìṣẹ́jú àáyá 15 tó pé, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń fà á sáré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ìparí páìpù yẹn ni tẹ̀mómítà àti fáàfù kan ti ń ṣọ́nà. Bí wàrà tó dé ibẹ̀ kò bá tó 72, fáàfù náà á yí i padà sí ibi tó ti wá, kí ó tún lọ gbóná. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe fáàfù yìí: afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ló ń tì í kí wàrà lè lọ síwájú. Bí iná bá lọ, tí afẹ́fẹ́ tán, tàbí tí wáyà já, sípíríǹgì inú rẹ̀ á gbá a padà lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà ìgò á sì dí. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ tí kì í bàjẹ́, wọ́n sì ti yan ibi tí yóò fì sí lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́.

Fífọ àwọn páìpù wọ̀nyẹn náà ti di iṣẹ́ ẹ̀rọ. Wọn kì í tú wọn mọ́. Omi sódà gbígbóná ni wọ́n ń rán gba inú wọn kọjá, lẹ́yìn náà omi lásán. Sẹ́ńsọ̀ kan ń wo bí iná mànàmáná ṣe ń rọrùn tó láti gba inú ohun tó ń ṣàn kọjá. Iná ń gba inú omi sódà kọjá wẹ́rẹ́, kì í fẹ́ gba inú omi mímọ́ kọjá. Bí ẹ̀rọ ṣe ń mọ̀ nìyẹn pé sódà ti kúrò tán kí wàrà tàbí bíà mìíràn tó wọlé.

Kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ gbogbo èyí náà ní ẹbí ní Manchester. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1948, ẹ̀rọ tí Freddie Williams, Tom Kilburn àti Geoff Tootill ṣe ní yunifásítì ìlú náà, èyí tí wọ́n sọ ní Baby, fi ìṣẹ́jú 52 yanjú ìṣirò kan. Òun ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ lágbàáyé tó fi ìtọ́ni iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ní 1951, iléeṣẹ́ oúnjẹ J. Lyons ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀, LEO, ṣírò owó tí búrẹ́dì àti kéèkì ń ná wọn. Síbẹ̀, ìwé owó nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kò tíì fọwọ́ kan fáàfù.

Ọdún 1962 ni ó fọwọ́ kàn án. Ní Wythenshawe, ní gúúsù Manchester, iléeṣẹ́ Ferranti ti ṣe kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Argus, tó wá láti ara iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ohun ìjà Bloodhound. Iléeṣẹ́ kẹ́míkà ICI gbé e lọ sí ibi tó ti ń ṣe sódà ní Fleetwood, ní Lancashire. Ó ń wọn ohun 224 níbẹ̀, ó sì ń ṣí, ó ń ti fáàfù 129 láìsí pé ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1968, Dick Morley ní Amẹ́ríkà wá ronú kan kọ̀ǹpútà kékeré tó lè gba eruku, ooru àti ìmìtìtì mọ́ra, fún àwọn tó ń ṣe mọ́tò. PLC ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Kò sí iléeṣẹ́ oúnjẹ ńlá tí ẹ óò wọ̀ lónìí tí ẹ kò ní bá a nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin lára ògiri: ó ń ka sẹ́ńsọ̀, ó ń wo ìtọ́ni, ó ń pàṣẹ fún mọ́tò, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́. Sẹ́ńsọ̀ máa ń gbó, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Bí tẹ̀mómítà bá ń fi 2°C lé òtítọ́, wàrà 70°C ni ẹ̀rọ yóò máa pè ní 72, yóò sì máa dì í mú síbẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú, tọ̀sán tòru. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń yẹ tẹ̀mómítà wò déédéé: wọ́n á kì í bọ inú yìnyín tó ń yọ́, ó gbọ́dọ̀ ka 0, wọ́n á fi wé òmíràn tí ọwọ́ òfin ti tẹ̀, kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí i. Ní ilé ìpọntí ẹ̀wẹ̀, wọ́n ṣì ń pe àwọn tó mọ ẹnu jókòó láti tọ́ bíà wò, nítorí sẹ́ńsọ̀ tó mọ adùn bí ahọ́n ṣe mọ̀ ọ́n kò tíì sí.

Ewu mìíràn tún wà. Ní 2021, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ẹran JBS pa. Iṣẹ́ dúró ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ọsirélíà, iléeṣẹ́ náà sì san mílíọ̀nù 11 dọ́là fún àwọn ọ̀daràn náà.

Ibi kan tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ti hàn kedere ní Manchester ni Trafford Park, ọgbà iléeṣẹ́ tó ti wà láti 1896. Kellogg's ṣí iléeṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1938. Ọ̀rinrin ni olórí iṣẹ́ nídìí Corn Flakes. Wọ́n á se àgbàdo tí wọ́n ti bó nínú àgbá tó ń yí, tí oru kún, fún nǹkan bí wákàtí méjì, títí ọ̀rinrin rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí ìdá 30 nínú 100. Wọ́n á gbẹ ẹ́ dé ìdá 10 sí 14, wọ́n á fi irin méjì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì yan án nínú ooru tó sún mọ́ 300°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 90. Bí ó bá rin jù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, á lẹ̀ mọ́ irin; bí ó bá gbẹ jù, á rún wómúwómú. Ní irú iṣẹ́ báyìí, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí ni wọ́n ń tàn sí i lórí bẹ́líìtì. Omi inú rẹ̀ máa ń gbé apá kan ìmọ́lẹ̀ náà mì, iye tó gbé mì ló sì ń sọ bí ó ṣe rin tó.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, iléeṣẹ́ náà kéde pé òun fẹ́ ti ilé Trafford Park pa ní òpin ọdún 2026. Iṣẹ́ bí 360 ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ilé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1930 kò bá bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ lóde òní mu mọ́, àti pé apá kan rẹ̀ ló ṣì wúlò fún wọn. Ẹ̀rọ tó mọ ìwọ̀n lè ṣọ́ àgbàdo. Kò lè sọ ilé àtijọ́ di tuntun.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó dé ìlú yìí ló mọ iṣẹ́ alẹ́ nídìí bẹ́líìtì, níbi tí wọ́n ti ń kó oúnjẹ sínú páálí. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ gbà. Èyí tí kò lè gbà ni ti ẹni tó ń yẹ sẹ́ńsọ̀ wò, tó ń tún fáàfù ṣe, tó sì ń mọ̀ nígbà tí nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà kò bá ohun tó wà nínú ìkòkò mu. Ọ̀dọ́ tó bá ń wá iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ní Manchester yóò ṣe dáadáa láti béèrè nípa èyí, nítorí àwọn iléeṣẹ́ máa ń gba ọmọ iṣẹ́ sídìí rẹ̀, wọ́n sì ń sanwó fún wọn bí wọ́n ti ń kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ sì kan àwọn tó ń ṣe gàárì, èlùbọ́ àti zobo nílé, tí wọ́n fẹ́ kó dé òkè òkun. Iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, ti fi ẹ̀rọ ṣe gàárì tipẹ́, nítorí náà àìsí ẹ̀rọ kọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́; ìwọ̀n ni. Ìlànà Codex tí àjọ àgbáyé gbé kalẹ̀ ní ọ̀rinrin gàárì kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ, májèlé sáyánáìdì inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Ojú lásán kò lè rí ìkankan nínú méjèèjì. Kí oníléeṣẹ́ tó lọ yá owó ra ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ ra tẹ̀mómítà, òṣùwọ̀n tó péye àti ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ̀rinrin. Kí ó máa kọ ohun tí wọ́n bá kà sínú ìwé lójoojúmọ́, àpò kan tẹ̀ lé òmíràn, kí ó sì máa gbé gàárì náà lọ sí ilé àyẹ̀wò déédéé nítorí sáyánáìdì. Bí ìwé yẹn bá ti kún, yóò mọ irú ẹ̀rọ tó yẹ kó rà, ẹni tó fẹ́ tà á fún un kò sì ní lè tàn án jẹ.